Ìyá Àgbà Mi Kò Mu Omi Yẹn

Ìyá àgbà mi kò mu omi náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn, kí n tó sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ fún yín, nítorí irọ́ ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú yín.

Bí ẹ bá ti Òkòkómáíkò ń bọ̀ ní apá Ọ̀tọ̀-Àwórì, tí ẹ yà kúrò lójú títì wọ àdúgbò wa, níbi tí ọ̀dà ti parí tí yanrìn bẹ̀rẹ̀, ẹ óò rí táǹkì omi aláwọ̀ aró kan lórí irin gíga. Wọ́n so àwòrán ńlá kan mọ́ irin náà. Obìnrin arúgbó kan ló wà nínú rẹ̀: ó wé gèlè funfun, ó wọ léèsì aláwọ̀ ewé, ó gbé ife irin sókè, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Ẹni tó bá rí i á ní ó fẹ́ mu omi ni. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà-gadagba pé, "Ìyá wa ti mu ún. Ìwọ náà wá mu."

Ìyá tó bí ìyá mi nìyẹn. Ẹnu tí ẹ rí tó ṣí yẹn, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ.

Mo ti kọ lẹ́tà nípa àwòrán yẹn. Mo ti lọ rí ẹni tí wọ́n ní kí n lọ rí. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, pé ẹni tó ka ìwé dé yunifásítì kì í bínú báyìí. Yunifásítì gan-an ló kọ́ mi pé tí nǹkan bá bà jẹ́, kí n sọ ibi tó ti bà jẹ́, ẹni tó bà á jẹ́ àti bó ṣe bà á jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe é láì sọ irú ènìyàn tí Ìyá Àgbà jẹ́, torí irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní.

Ìyá Oníkànga ni àdúgbò mọ̀ wọ́n sí. Kànga tó wà lẹ́yìnkùlé wa, ọkọ wọn ló gbẹ́ ẹ nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ àti ọgbà àgbọn, kí àwọn ará Ògùn àti ará Ọ̀yọ́ tó wá ra ilẹ̀, kí ilé tó fún mọ́ ilé. Gbogbo ojúlé ló ń pọnmi níbẹ̀. Ìyá Àgbà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin. Ẹ ò gbọdọ̀ wọ bàtà dé ẹnu kànga. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ korobá tiyín sínú rẹ̀. Korobá kan tó wà níbẹ̀ ni gbogbo wa fi ń fà. Ẹ ò sì gbọdọ̀ jà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jà, kó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, kó jà tán, kó padà wá pọnmi rẹ̀. Mo ti rí àwọn obìnrin méjì tí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí wọ́n jáde lọ bú ara wọn títí ohùn fi há, tí wọ́n tún padà wá tò sẹ́yìn ara wọn.

Bí àlejò bá wọlé, Ìyá Àgbà kì í béèrè ohun tó bá wá. Omi ni wọ́n á kọ́kọ́ bù. Wọ́n á gbé ife náà sẹ́nu ara wọn, wọ́n á mu díẹ̀, wọ́n á gbé e mì kí àlejò rí ọ̀fun wọn pé ó ti lọ, kí wọ́n tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ẹ̀yin tí àgbà tọ́ dàgbà mọ àṣà yìí. Ẹni tó ń fúnni lómi ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀ pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Ní ilé ẹlòmíì, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀. Ní ilé wa, bí ìrun ló rí. Mo ṣì kéré lọ́jọ́ tí mo bu omi fún ọ̀rẹ́ mi kan tó wá láti Àjàngbádì, tí mi ò tọ́ ọ wò. Ìyá Àgbà pè mí lójú ọmọ náà.

"Àjọkẹ́, ọ̀tá ẹ ni?"

"Rárá o, Ìyá. Ọ̀rẹ́ mi ni."

"Kí ló wá dé tó o fi ń bu omi fún un bí ẹni ń bu omi fún ewúrẹ́?"

Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, omi tí gbogbo wa ń mu láti àárọ̀ ni. Kí ni mo tún fẹ́ tọ́ wò níbẹ̀?"

Wọ́n gba ife náà, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n dá a padà fún ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n wá kọjú sí mi: "Ohun tó ò bá lè fi sẹ́nu ara ẹ, má fi sẹ́nu ọmọ ẹlòmíì."

Ẹnu wọn mú o. Mi ò ní purọ́ mọ́ òkú pé gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn wọn. Nígbà tí píọ́ wọ́tà gbòde, tí mo ra ọ̀kan wálé, wọ́n gbé ọ̀rá náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn bí ẹni ń wo ẹyin. Wọ́n ní, "Ta ló ti tọ́ èyí wò?" Mo ní ilé iṣẹ́ ló ṣe é. Wọ́n ní, "Mi ò béèrè ẹni tó ṣe é."

Ohun kan tí wọ́n fẹ́ràn ju ìjà lọ ni fọ́tò. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, torí ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ibi ti rí wọn mú. Gbogbo Iléyá ni ayafọ́tò máa ń wá sílé wa. Ìyá Àgbà á jókòó sórí àga, wọ́n á tẹ ọwọ́ lé orúnkún, wọ́n á ranjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tí kámẹ́rà jẹ ní gbèsè. Wọn kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ra fóònù tó ń ya fọ́tò, ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé, "Yà mí dáadáa, Àjọkẹ́. Má jẹ̀ẹ́ kí n kéré." Àpótí kan wà lábẹ́ ibùsùn wọn tó kún fún fọ́tò àtijọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú ẹ̀rí jáde lọ́jọ́ tí àwọn àti Bàbá Ìdòwú jà lórí ààlà.

Bàbá Ìdòwú ni onílé tó bá wa pààlà. Awakọ̀ ni, Òkòkómáíkò ló ti ń na ọkọ̀, ó sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ládùúgbò. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ènìyàn tó máa ń ṣe ohun tó wù ú, tó sì máa ń bínú tí ohun tó ṣe bá padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni. Nígbà tó fẹ́ mọ ògiri, ó mọ ọ́n wọnú ilẹ̀ wa. Ìyá Àgbà kò pariwo. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé fọ́tò kan jáde tí wọ́n ti dúró ti igi àgbọn tí kùkùté rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òpó ààlà sì hàn kedere lẹ́yìn wọn. Àwọn àgbà àdúgbò wò ó, wọ́n wo kùkùté, wọ́n wo ògiri. Bàbá Ìdòwú wó ògiri ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àgbà sọ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n lórí: "Ẹnu lè yí padà. Fọ́tò kì í yí ẹnu padà."

Bàbá Ìdòwú tún ògiri mọ síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ògiri náà gan-an, lódìkejì kànga wa, ló wá gbẹ́ sókàwéè rẹ̀ sí, ihò tí gbogbo ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn lọ. Ìyá Àgbà bá àwọn tó ń gbẹ́ ẹ lẹ́nu iṣẹ́.

"Bàbá Ìdòwú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún un lọ síwájú ilé yín. Kànga wà níbí."

"Màmá, ilẹ̀ mi ni mo ń gbẹ́. Fọ́tò yín ló fi ààlà hàn mí."

"Lókè ni ààlà wà. Nísàlẹ̀, a jọ ni ín ni."

Bàbá Ìdòwú pàtẹ́wọ́, ó yíjú sí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. "Ẹ gbọ́ nǹkan! Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀, ẹ ta ilẹ̀ tán, ẹ tún fẹ́ ta abẹ́ ẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà wà níbẹ̀, mo sì rí bí Ìyá Àgbà ṣe yí padà wọlé. Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an: ọkùnrin kan gbẹ́ ihò ìgbẹ́ sẹ́bàá omi tí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń mu, wọ́n sì kìlọ̀ fún un kó tó gbẹ́ ẹ.

Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló parí ọ̀rọ̀. Gbogbo àárọ̀ ni Ìyá Àgbà máa ń tọ́ omi kànga wò kí ẹnikẹ́ni tó fà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tu ú dànù, wọ́n dúró. Inú àwọn ọmọdé ládùúgbò ti ń ṣiṣẹ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan. Mo gbé omi náà lọ sí yunifásítì fún àyẹ̀wò, àyẹ̀wò sì sọ ohun tí imú wa ti sọ. Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pe bíríkìlà, wọ́n ní kó fi kọnkéré bo ẹnu kànga tí ọkọ wọn gbẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ìwà wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. A lè fi oúnjẹ du ènìyàn, kó ní a láhun. Ẹni tó bá fi omi du ènìyàn, ìkà ni. Ẹni tó kọ́kọ́ dé láti bú Ìyá Àgbà ni Bàbá Ìdòwú, kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ fẹ́ kí òùngbẹ pa wá ni? Ìkà nìyí o! Ìkà gbáà!"

Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré tí kò tíì gbẹ. Wọn ò gbóhùn sókè. "Bàbá Ìdòwú, ẹ lọ pọn ọ́n nínú sókàwéè yín. Omi kan náà ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn náà. Ẹni tó lówó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke bọ̀ láti apá Ìbà. Ẹni tí kò lówó ń lọ bu omi inú kòtò. Ìyá Àgbà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wo àwọn obìnrin tó ń ru kẹ́ẹ̀gì kọjá láì kí wọn. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ tù wọ́n nínú, mo ní ṣebí wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò sọ irú omi tó yẹ kéèyàn dà."

Inú òùngbẹ yẹn ni Ọnọ́rébù bá wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé mo bẹ̀rù rẹ̀, mi ò fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ àti ti Ìyá Àgbà jọ wà lójú ewé kan náà ni. Ọnọ́rébù ni gbogbo wọn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì dìbò yàn án sí ibì kankan; ó ṣì ń wá ipò náà ni. Ó ní òun á gbẹ́ omi ẹ̀rọ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. A yọ̀. Èmi náà yọ̀. Àfi ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, tí wọ́n sì ri irin táǹkì yẹn mọ́, torí ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá á ti rí i. Ibi tí omi àkọ́kọ́ ti yọ ni wọ́n dúró sí, bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa níbí, omi òkè ni gbogbo ìdọ̀tí ń kán sí. Omi tó mọ́ ṣì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọn ò gbé e lọ fún àyẹ̀wò kankan. Mo bi ọ̀gá àwọn tó ń gbẹ́ ẹ pé kí ló dé. Ó fi ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀.

"Sísítà, wọ́n ní ká parí ẹ̀ kí Ọnọ́rébù tó dé ni. Wọn ò sọ pé ká mu ún."

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i, wọ́n wá mú Ìyá Àgbà nílé. Ọ̀rọ̀ omi ládùúgbò wa, bí Ìyá Oníkànga kò bá fọwọ́ sí i, kò tíì délẹ̀, àwọn ènìyàn náà sì mọ̀. Ẹmẹ̀wà Ọnọ́rébù kan, ọ̀dọ́kùnrin tó dé fìlà gẹ̀ẹ́sì, kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n á ṣe: "Màmá, tí ọ̀gá bá ti bu omi, ẹ gbà á, ẹ mu ún, ẹ rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà."

"Mi ò kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò," ni Ìyá Àgbà wí. Àmọ́ wọ́n wọ léèsì aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún Iléyá.

Ọnọ́rébù yí ẹ̀rọ. Omi tó kọ́kọ́ jáde mọ́, àwọn ènìyàn hó yèè. Èyí tó tẹ̀ lé e pọ́n díẹ̀, ó ń rùn bí irin tó dógùn-ún. Ó bu ìyẹn sínú ife irin tí Ìyá Àgbà mú wá, ó sì nà án sí wọn. Wọ́n gbà á. Wọ́n wo inú ife. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e sókè, wọ́n nà án padà sí i.

"Ọmọ mi, o ò tíì tọ́ ọ wò."

Ẹ̀rín bẹ́. Ọnọ́rébù náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ̀yin ni àgbà. Ẹ̀yin ló kàn."

"Nídìí oúnjẹ, àgbà ló kàn. Nídìí omi, ẹni tó gbé e wá ló kàn. Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

Ife wà lókè, kámẹ́rà ń ta yanran-yanran. Ẹnì kan sáré lọ sínú ọkọ̀, ó mú omi inú ìgò wá fún Ọnọ́rébù. Ó ṣí i, ó gbé e sókè bí ẹni pé òun bá Ìyá Àgbà mu, ó sì mu ún. Ìyá Àgbà ṣì na ife sí i. Wọ́n ní, "Èyí tó wà nínú ìgò yẹn, ṣé inú táǹkì yìí lòun náà ti wá ni?" Wọ́n da omi ife náà sórí yanrìn, wọ́n gbé ife fún mi, wọ́n sì ní ká máa lọ sílé.

Mo ń bínú lọ́nà. Mo ní ọkùnrin yẹn á lọ sọ ohun tó bá wù ú. Ìyá Àgbà lu ẹ̀yìn ọwọ́ mi pẹ́pẹ́. Ara wọn yá gágá. "Jẹ́ kó sọ ọ́. Ṣebí wọ́n yà á? Fọ́tò á jẹ́rìí."

Àṣìṣe wọn nìyẹn. Àṣìṣe ẹni tó gbà pé Yorùbá yòówù tó bá rí arúgbó tó na ife sí ẹni tó gbé omi wá á mọ ohun tó ń sọ. Wọn ò mọ̀ pé èèyàn lè gé ẹnì kan kúrò nínú fọ́tò.

Nígbà tí wọ́n gbé àwòrán yẹn kọ́, èmi ni mo mú wọn lọ wò ó. Wọ́n dúró nísàlẹ̀, wọ́n gbójú sókè. Mo rí i pé inú wọn dùn. "Ó tóbi o," ni wọ́n wí. "Mi ò kéré rárá. Kí ni wọ́n kọ sí i?" Ìyá Àgbà kò mọ̀wé kà. Mo kà á fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo kà á tán lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wá ibì kan jókòó sí nínú yanrìn, pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ lára wọn.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ṣíṣí. Ojú wọn ló ṣe. Etí wọn ló gbọ́. Ṣùgbọ́n omi yẹn ló sún mọ́ wọn, òùngbẹ sì ń gbẹ wọ́n, nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rántí pé Ìyá Àgbà mu ún. Àwòrán ló kọ́kọ́ sọ ọ́, àwọn náà wá ń sọ ọ́.

Ìyá Fàrúùkù kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ṣíṣí ní tiẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ránṣọ ni, ẹ̀yìn ìgbà náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ kó dé láti apá Ọ̀yọ́, wọ́n gba yàrá kan nítòsí táǹkì náà. Nígbà tí onígbáméjì wọ àdúgbò, ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ gbé e dé ọsibítù, Fàrúùkù ti dákẹ́. Èmi àti Ìyá Àgbà lọ kí i. A kúnlẹ̀ tì í, a ní Ọlọ́run á tù ú nínú. Ó gbójú sókè, ó wo Ìyá Àgbà fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tó ń wá ibi tó ti mọ ojú wọn.

"Ìyá," ló wí, "ẹ̀yin ni mo wò tí mo fi bu ún."

Mi ò lè ṣàlàyé ohun tí gbólóhùn yẹn ṣe sí Ìyá Àgbà. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀pá lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọn kì í jókòó. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kí onílé, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mu omi yẹn o. Ẹ sè é kí ẹ tó mu ún, tàbí kí ẹ fi sílẹ̀." Àwọn kan dúpẹ́. Àwọn kan ní, "Ìyá, a rí yín nínú fọ́tò." Níwájú ilé Bàbá Ìdòwú, ó fi ara ti férémù ilẹ̀kùn, kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ rántí? Ẹnu lè yí padà."

Wọ́n dá a lóhùn pé, "Mo rántí." Wọ́n sì kọjá sí ojúlé tó kàn. Ìgbà tí a délé ni mo tó rí i pé wọ́n ń sunkún.

Láti ìgbà yẹn wọn ò jẹ́ kí n ya fọ́tò wọn mọ́. Iléyá tó tẹ̀ lé e, ayafọ́tò wá, wọ́n ní kó máa lọ.

Kì í ṣe omi ló pa wọ́n. Mo lè jẹ́ kí ẹ rò bẹ́ẹ̀, ì bá sì dùn fún ẹjọ́ mi, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe Ọnọ́rébù. Ọjọ́ orí àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn tí wọ́n sọ̀rọ̀, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, mo bu omi wá. Ètè wọn gbẹ, síbẹ̀ wọ́n yí ojú kúrò nídìí ife.

"O ti tọ́ ọ wò?"

"Mo ti tọ́ ọ wò, Ìyá."

"Àjọkẹ́, jẹ́ kí n rí i."

Mo mu díẹ̀, mo gbé e mì kí wọ́n rí ọ̀fun mi. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," wọ́n sì mu ún.

Ní fídáù ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí àwọn ààfáà ti ṣàdúrà tán tí wọ́n sì ti jẹun, ẹmẹ̀wà Ọnọ́rébù wọlé, ọ̀dọ́kùnrin onífìlà gẹ̀ẹ́sì yẹn. Wọ́n fún un lóúnjẹ, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ó wá gbé nǹkan kan tí wọ́n fi bébà wé jáde. Àwòrán kan náà ni, wọ́n ti fi gíláàsì bò ó. Ó ní ẹ̀bùn ọ̀gá òun ni. Ó ní ọ̀gá òun tún fẹ́ sọ omi náà lórúkọ, kí wọ́n máa pè é ní Omi Ìyá Oníkànga, kí orúkọ Màmá má baà parẹ́ láé.

Mo ti dìde. Gbogbo ohun tí mo ti kọ sínú lẹ́tà ló ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n ìyá mi, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, di ọwọ́ mi mú. Wọ́n bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n padà dé, ife irin Ìyá Àgbà wà lọ́wọ́ wọn, omi pupa tí wọ́n lọ bù nídìí táǹkì sì kún inú rẹ̀. Wọ́n gbé e síwájú ọ̀dọ́kùnrin náà.

"Ẹ kú àbọ̀. Ẹ mu omi tí ẹ fẹ́ fi orúkọ ìyá mi pè."

Ó wo ife, ó wo gbogbo wa. Igi tó fi ń tayín ṣì wà létí ẹnu rẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà," ló wí, "mo ń gbààwẹ̀ ni."

Ààfáà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wo àwo ìrẹsì tó ṣófo níwájú rẹ̀, ó ní, "Kí Ọlọ́run gbà á lẹ́sìn." Ẹ̀rín tó bẹ́ nílé òkú lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Àgbà á ti gbọ́ ọ. Ọ̀dọ́kùnrin náà ti dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, a kò gbọ́ ọ mọ́ láti ìgbà náà.

Mo fẹ́ gbé àwòrán náà tẹ̀ lé e kí n fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Ìyá mi kọ̀. Wọ́n ní ojú ìyá àwọn ló wà níbẹ̀, kò sì sí ibi tí àwọn á fọ́ ojú ìyá àwọn mọ́. Wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Mo bínú sí wọn. Mo ní wọ́n ti gba irọ́ náà wọlé.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Fàrúùkù wá kí wa. Kò tíì wọ ilé wa rí. Ó jókòó, ó gbójú sókè, ó rí àwòrán náà lórí ògiri, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ti fẹ́ dìde. Ìyá mi mú un lọ́wọ́, wọ́n fà á sún mọ́ ògiri, wọ́n fi ìka hàn án ní etí àwòrán lápá òsì, níbi tí èmi tí mo ti wò ó títí kò rí nǹkan kan.

"Wo ibí yìí. Kí lo rí?"

Aṣọ funfun ni, ó tín-ín-rín bí okùn, iṣẹ́ ọnà agbádá sì wà lára rẹ̀.

"Apá agbádá," ni Ìyá Fàrúùkù wí.

"Ẹni tí ìyá mi ń na omi sí nìyẹn. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ mu ún. Kò mu ún. Ìyá mi náà ò mu ún. Ọkùnrin yẹn ni wọ́n gé kúrò."

Ìyá Fàrúùkù fi ìka tirẹ̀ kan gíláàsì náà, lórí apá agbádá yẹn. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ohùn rẹ̀ sì fẹ́lẹ́.

"Mà, ẹ fún mi lómi."

Àwòrán yẹn ṣì wà lára irin táǹkì bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn ṣì ń bu omi náà, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà mìíràn. Ṣùgbọ́n ní pálọ̀ wa lọ́jọ́ náà, ìyá mi bu omi tí a ti sè sínú ife irin yẹn. Wọ́n mu díẹ̀. Wọ́n gbé e mì, kí ọmọbìnrin náà rí i pé ó ti lọ. Wọ́n wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó sì mu ún tán.